Gíráàfù Tí Kò Ní Orúkọ

Gíráàfù náà dára jù. Ìyẹn gan-an ló kọ́kọ́ kọ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ náà lóminú.

Wọ́n ti fi tépù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọ́fíìsì Pirinsípà, lórí káádíbọ́ọ̀dù funfun tó tóbi bí ojú fèrèsé. Ìlà dúdú kan sùn gbalaja sísàlẹ̀ rẹ̀ láti aago mẹ́fà àárọ̀, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ó dé aago mọ́kànlá, ó sì gbéra lójijì, ó ń gòkè lọ bí ẹni tí wọ́n pè lókè.

"Ẹ fojú ara yín rí i," ni Tíṣà Fisíìsì wí, ó na ọ̀pá sí i. "Ìsàlẹ̀ níbí ni aago. Òòró yìí ni bí inú fíríìsà ṣe gbóná tó. Títí di aago mọ́kànlá, òdo ni. Ohun gbogbo tutù nini. Aago mọ́kànlá lù, ìlà gbéra. Nígbà tó fi máa di aago méjì, ó ti di dígíríì mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ẹ wá bi ara yín, ta ló dá wà nínú láàbù láti aago mọ́kànlá sí aago méjì?"

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń bá wí jókòó síbi àga tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ìdì kọ́kọ́rọ́ lórí itan. Ìyá Láàbù ni tilé-toko ń pè é. Opó ni, ó ti tó ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó ti ń fọ túbù, tó ń ṣílẹ̀kùn, tó ń ti ilẹ̀kùn nílé-ẹ̀kọ́ náà, èèyàn ò sì gbọ́ rí pé abẹ́rẹ́ sọnù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ṣòro sọ. Lọ́jọ́rú, ẹnì kan yọ púlọ́ọ̀gì fíríìsà láàbù. Ìgò mẹ́rìnlélógún tí èròjà ìdánwò àṣejáde wà nínú wọn yọ́, wọ́n sì bàjẹ́. Ọgọ́fà ọmọ ló fẹ́ fi wọ́n ṣe ìdánwò lọ́jọ́ Ajé. Àwọn tó ń ṣètò ìdánwò ní àwọn á fi òmíràn ránṣẹ́, àmọ́ kí ilé-ẹ̀kọ́ kọ́kọ́ fa oníṣẹ́ ibi náà kalẹ̀. Òní Ẹtì, ní aago méjìlá ọ̀sán, ìgbìmọ̀ ń bọ̀. Bí wọ́n bá dé tí ọ̀rọ̀ ò yí padà, wọ́n á lé Ìyá Láàbù, ọlọ́pàá á sì fi ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ̀ mú un gba àárín pápá kọjá lójú gbogbo akẹ́kọ̀ọ́. Àbígbẹ̀yìn rẹ̀ obìnrin sì wà lára àwọn ọgọ́fà ọmọ náà.

Ọlọ́pàá tí wọ́n rán wá mú un ló dúró síwájú gíráàfù yìí. Obìnrin kúkúrú kan ni, ó gbé báàgì sápá bí ẹni tó ń lọ sọ́jà. Ní téṣàn, Àǹtí Tún-un-wò ni wọ́n ń pè é. Ẹjọ́ tí gbogbo ayé bá ti parí, tí wọ́n ti fẹ́ máa palẹ̀ mọ́, á ní, "Ẹ jẹ́ kí n tún un wò." Ọ̀gá rẹ̀ kórìíra gbólóhùn náà bí ìgbẹ́.

"Ẹ jẹ́ kí n tún un wò," ló wí.

"Kí lẹ tún fẹ́ wò?" Tíṣà Fisíìsì rẹ́rìn-ín músẹ́. Rúlà ni àwọn ọmọ sọ ọ́ lẹ́yìn ẹ̀, nítorí gbogbo nǹkan tirẹ̀ ló máa ń gún régé, títí dórí ojú áyọ́ọ̀nù ṣòkòtò rẹ̀, tó mú débi pé ó lè gé búrẹ́dì. "Gíráàfù kì í purọ́, màdáámù. Oṣù tó kọjá, Ìyá tọrọ ààyè ìsinmi, wọn ò fún un. Ó sọ ọ́ létí gbogbo wa pé ọjọ́ ń bọ̀ tí a máa mọ ìwúlò òun. Ọjọ́ náà ti dé."

"Mo sọ ọ́," ni Ìyá Láàbù wí láti ibi tó wà. "Inú ló ń bí mi."

"Ẹ̀yin lẹ ya èyí, ọ̀gá tíṣà?"

"Èmi ni. Èyí tí ẹ̀rọ yà kéré, ó rí wérewère. Ìgbìmọ̀ ò lè rí i."

"Èyí tí ẹ̀rọ yà dà?"

Pirinsípà, ìyá àgbà kan tó wọ gíláàsì nínípọn, ṣí dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó mú àpò ìwé kan jáde tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pa. "Èmi ni mo yọ ọ́ lẹ́nu ẹ̀rọ lọ́jọ́rú. Tíṣà dà á kọ níwájú mi, mo sì tún lẹ̀ ẹ́ padà."

"Ṣé ẹ̀yin náà wò ó, Mà?"

"Ọmọ mi, lítíréṣọ̀ ni mo kà. Nígbà tí ńlá wà lára ògiri, kí ni mo fẹ́ fi kékeré ṣe?"

Àǹtí Tún-un-wò gba àpò ìwé náà, kò sì ṣí i. Ó wo igun káádíbọ́ọ̀dù náà lápá ọ̀tún, ó wo tòsì, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ pàápàá. Aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá nígbà yẹn.

Láàbù wà lẹ́yìn kíláàsì àwọn àgbà. Tábìlì gígùn mẹ́ta, àga gíga, òórùn ọṣẹ àti sípírítì. Fíríìsà náà wà ní kọ̀rọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí tábìlì kan, sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló sì wà nítòsí rẹ̀. Lórí fíríìsà ni ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń fi ẹnu bíírò yàwòrán sórí bébà gígùn, tọ̀sán-tòru, bátìrì ló ń lò. Àwọn gíráàfù tí àwọn ọmọ yà kún ara ògiri, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní orúkọ ẹni tó yà á nígun ìsàlẹ̀.

"Kí ló dé tí gbogbo wọn fi kọ orúkọ?"

"Òfin Tíṣà Rúlà ni," ni Ìyá Láàbù dáhùn. "Gíráàfù tí kò ní orúkọ, òdo ni yóò fún ọ. Ó ní kéèyàn lè dúró ti ohun tó bá yà. Ọmọ dáadáa ni o. Ibí ló ti kàwé jáde. Láti fọ́ọ̀mù kìíní ni mo ti mọ̀ ọ́n."

Àǹtí Tún-un-wò jókòó. "Ìyá, ṣé ẹ̀yin lẹ yọ púlọ́ọ̀gì yìí?"

"Kí n wá ba ìdánwò ọmọ mi jẹ́? Orí mi ò dàrú, ọmọ mi."

"Ẹ ka Ọjọ́rú fún mi."

"Mo ṣílẹ̀kùn ní aago méje ku díẹ̀. Mo wo fíríìsà, ó ń ṣiṣẹ́. Bíríkì yìnyín mẹ́jọ ni mo tò yí àwọn ìgò náà ká. Aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo tilẹ̀kùn, mo lọ bá Pirinsípà ní sítọ́ọ̀. A jọ ń ka ìwé ìdáhùn títí di aago mẹ́wàá ààbọ̀. Aago mọ́kànlá ni mo padà wá síbí, mo ń fọ túbù. Aago méjì mo ṣí fíríìsà, omi ni mo bá. Mo wolẹ̀, púlọ́ọ̀gì ló nà gbalaja yìí. Mo figbe ta."

"Nígbà tí ẹ dé ní mọ́kànlá, ṣé púlọ́ọ̀gì wà lára ògiri?"

"Ta ní í wo púlọ́ọ̀gì? Ìgbà tí nǹkan bá bàjẹ́ tán la ń wò ó."

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni òótọ́ náà kò ní ràn án lọ́wọ́ níwájú ìgbìmọ̀. "Àbí iná ló lọ?"

Ìyá nawọ́ sí aago ara ògiri. "Iná kan náà ni wọ́n jọ ń lò. Bí iná bá lọ ní ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú kan náà ló máa fi pẹ́. Ẹ wò ó, kò pẹ́."

"Kọ́kọ́rọ́ mélòó ló wà?"

"Méjì. Ọ̀kan lọ́wọ́ mi, ọ̀kan lọ́wọ́ Tíṣà. Ṣùgbọ́n..." Ó fa dúrọ́ọ̀ rẹ̀ síta. Ẹ̀fun ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ yẹ́lò wà lẹ́nu rẹ̀, ojú ìka mẹ́ta rèé. "Èyí ni mo bá lọ́jọ́rú. Ẹnì kan fọwọ́ kan dúrọ́ọ̀ mi nígbà tí mo jáde lọ pọn omi. Mi ò sọ, torí wọ́n á ní mo ń wá ẹni tí màá tì í lé."

"Ta ló ń fi ṣọ́ọ̀kì yẹ́lò kọ̀wé níbí?"

"Tíṣà Kẹ́mísírì nìkan ni."

Àǹtí Tún-un-wò dìde, ó gbọ́wọ́ lé orí tábìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ọwọ́ rẹ̀ kan ibi kan tó rí gbágungbàgun. Pákó náà ti jó níbẹ̀, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ẹnu ibi tó jó náà ṣe ṣóńṣó, ìdí rẹ̀ sì fẹ̀.

"Èyí ńkọ́?"

"Ọjọ́rú náà ni mo rí i. Mo ní sítóòfù àwọn ọmọ ni."

Sítóòfù tó ṣe ṣóńṣó lápá kan, ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ náà ò tíì rí i rí.

Tíṣà Kẹ́mísírì ti ń làágùn kí wọ́n tó bi í ní ìbéèrè kankan. Ọkùnrin gbọ̀ǹgbọ̀n kan ni, òun àti Rúlà ni wọ́n jọ du ipò igbákejì pirinsípà, Rúlà ló sì já mọ́ lọ́wọ́ lánàá. Bí nǹkan bá bàjẹ́ nínú láàbù tó wà lábẹ́ Rúlà, ta ni inú rẹ̀ á dùn? Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ.

"Kí lẹ wá ṣe ní láàbù lọ́jọ́rú?"

"Èmi? Mi ò débẹ̀."

"Ìka yín débẹ̀."

Ó wo ìka ara rẹ̀, yẹ́lò ṣì wà lára rẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. "Bísíkíìtì ni."

"Ẹ ní kí ni?"

"Ìyá máa ń tọ́jú bísíkíìtì sí dúrọ́ọ̀. Dókítà ti ní kí n má jẹ ohun dídùn mọ́, ìyàwó mi ò sì jẹ́ kó wọlé wa. Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, Ìyá jáde, mo yọ́ wọlé. Mo jẹ méjì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún un."

"Ṣé ẹ fọwọ́ kan fíríìsà?"

"Mo fẹ̀yìn tì í ni. Ẹ̀rù ń bà mí, ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́, mo rò pé gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ló ń gbọ́ bí mo ṣe ń run bísíkíìtì lẹ́nu."

Àǹtí Tún-un-wò gbójú sókè. "Ó dákẹ́? Fíríìsà tí ẹ fẹ̀yìn tì?"

"Kò dún pínpín."

"Láàárọ̀ ńkọ́? Aago mẹ́jọ?"

"Mo wà ní ọsibítù. Aago mẹ́wàá ààbọ̀ ni mo wọlé, ẹ wo ìwé ẹnu géètì." Wọ́n wò ó. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀.

Fíríìsà máa ń sinmi lóòótọ́, ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ nìkan kì í ṣe ẹ̀rí. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà há obìnrin náà láyà. Ó ku wákàtí kan kí ìgbìmọ̀ dé. Ó ní kí wọ́n bá òun pe Pirinsípà àti Tíṣà Rúlà wá sí láàbù.

"Ọ̀gá tíṣà," ló wí nígbà tí wọ́n dé, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ẹni tó wá tọrọ nǹkan, "mo gbòdo nínú sáyẹ́ǹsì nígbà tí mo wà nílé-ẹ̀kọ́. Ẹ fi sùúrù kọ́ mi, kí n má lọ sọ ìsọkúsọ níwájú ìgbìmọ̀."

Kò sí tíṣà tí irú ọ̀rọ̀ yìí kì í dùn mọ́. Rúlà tún kọ́là ṣe. "Ẹ bèèrè ohun tó bá wù yín."

Ìyá Láàbù ti gbé agolo ńlá kan wá. Gbogbo bébà tí ẹ̀rọ náà ti yà látọjọ́ tó ti dé ló ká sínú rẹ̀, ó fi òwú di ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n tẹ́ ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá sórí tábìlì.

"Kí ni àwọn eyín wérewère yìí, bí eyín ayùn?"

"Á à, iṣẹ́ ni ẹ̀rọ ń ṣe. Á tutù dé ìwọ̀n tí a fi í sí, á sinmi. Inú rẹ̀ á móoru díẹ̀, á tún jí. Sísùn àti jíjí yẹn ló ń di eyín."

"Ìlà tó là á láàárín yìí ńkọ́?"

"Òdo nìyẹn. Fíríìsà tó ń ṣiṣẹ́, abẹ́ òdo ni eyín rẹ̀ máa ń wà."

"Bí ẹnì kan bá wá yọ iná rẹ̀?"

"Kò ní sí eyín mọ́ nìyẹn. Ìlà á kan máa gòkè ni." Inú rẹ̀ ń dùn, ó ń fọwọ́ sọ̀rọ̀. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Àǹtí Tún-un-wò yí sí ara ògiri. Gíráàfù ọmọ kan wà níbẹ̀, ìlà rẹ̀ gòkè díẹ̀, ó sùn gbalaja, ó tún gòkè. "Kí ló dé tí èyí fi lọ sùn láàárín ọ̀nà?"

"Yìnyín ni wọ́n gbé ka iná. Ó gbóná dé òdo, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Gbogbo ooru tó ń wọlé, yíyọ́ ló ń lò ó. Bí yìnyín bá ṣì wà níbẹ̀, orí òdo nìlà á sùn sí. Ìgbà tó bá yọ́ tán ló tó..."

Ó yára wo bébà tó wà lórí tábìlì.

"Ìgbà tó bá yọ́ tán ló tó máa gòkè," ni Ìyá Láàbù bá a parí ẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kọ́ ló ti ń gbọ́ ẹ̀kọ́ náà láti ẹ̀yìn tábìlì?

"Ìyẹn ni pé ìlà tó bá sùn sórí òdo," ni Àǹtí Tún-un-wò wí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, "kì í ṣe pé àlàáfíà ni. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ti yọ iná tipẹ́, yìnyín ló kàn ń gbà á sílẹ̀."

"Ó... ó dá lórí..."

"Mà, ẹ wá wò ó." Ó ya àpò ìwé náà níwájú Pirinsípà, ó tẹ́ bébà Ọjọ́rú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó fi ẹnu pẹ́ńsù tọ ọ́ lọ. "Àpótí kékeré kọ̀ọ̀kan lórí bébà yìí jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Aago mẹ́fà, eyín wà lábẹ́ òdo. Aago méje, eyín wà. Aago mẹ́jọ, eyín wà. Àpótí kan lé e. Eyín dà?"

Pirinsípà yọ gíláàsì, ó nù ún, ó tún un wọ̀. "Kò sí mọ́."

"Ó gòkè dé òdo, ó sùn síbẹ̀ títí di mọ́kànlá. Bíríkì mẹ́jọ ló ń yọ́. Aago mọ́kànlá tí ẹ ní iṣẹ́ ibi bẹ̀rẹ̀, ìgbà yẹn gan-an ni yìnyín tó kẹ́yìn parí. Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n yọ púlọ́ọ̀gì yìí."

"Aago mẹ́jọ!" Pirinsípà di orí tábìlì mú. "Èmi àti Ìyá jọ wà ní sítọ́ọ̀! Èmi fúnra mi ni ẹlẹ́rìí ẹ̀!"

"Káádíbọ́ọ̀dù tó wà ní ọ́fíìsì ò fi eyín kankan hàn, torí òdo ló ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ohun tó wà lábẹ́ òdo, wọ́n tẹ̀ ẹ́ pa mọ́ ìsàlẹ̀."

"Gbogbo gíráàfù ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀ láti òdo!" Ohùn Rúlà ti ga. "Bí mo ṣe ń kọ́ wọn nìyẹn!"

"Ẹ sì ń kọ́ wọn pé kí wọ́n kọ orúkọ sí i. Mo wá tiyín títí, mi ò rí i." Ó gbọ́wọ́ lé ibi tó jó lórí tábìlì. "Ẹ bá mi ṣí kọ́bọ́ọ̀dù yín tó wà lẹ́yìn yín yẹn, ọ̀gá tíṣà."

Kò mira. Pirinsípà ló na ọwọ́ sí i fún kọ́kọ́rọ́, ló bá mú un jáde lápò bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́. Ìwé wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù náà, áyọ́ọ̀nù kan sì wà lẹ́yìn wọn. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ gbé áyọ́ọ̀nù náà ka ojú ibi tó jó. Ó bá a mu wẹ́kú.

Rúlà jókòó sórí àga gíga láìwẹ̀yìn. "Aago mẹ́sàn-án ni wọ́n fẹ́ fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò nítorí ipò igbákejì yẹn. Ṣẹ́ẹ̀tì mi ti rún. Mo ní ìṣẹ́jú márùn-ún ni, mo yọ ti fíríìsà, mo ki áyọ́ọ̀nù bọ̀ ọ́. Wọ́n lu aago, mo sáré. Mo gbàgbé, mo fi Ọlọ́run búra, mo gbàgbé ni!"

"Mo gbà bẹ́ẹ̀," ni Àǹtí Tún-un-wò wí. "Ìgbàgbé kì í ṣe ọ̀ràn. Ṣùgbọ́n ẹ ò gbàgbé nígbà tí ẹ ń ya káádíbọ́ọ̀dù."

Ọkùnrin náà kò lè wo apá ibi tí Ìyá Láàbù wà. Ìyá ló rìn lọ bá a, kọ́kọ́rọ́ ń dún wọ́nwọ́n lọ́wọ́ rẹ̀.

"Fọ́ọ̀mù kẹta lo wà. O fọ́ gíláàsì gígùn tí wọ́n gbé wá láti òkè òkun, o sá sábẹ́ tábìlì yìí, o ń sunkún. Nígbà tí wọ́n bèèrè, ta ló ní ọwọ́ òun ló ti bọ́?"

"Ẹ̀yin ni, Ìyá."

"Wọ́n ṣe mí báṣubàṣu nítorí ẹ. Ṣé mo bú ọ rí?"

"Rárá, Ìyá. Ẹ dákun, Ìyá."

"Ìwọ wá fẹ́ kí wọ́n so mí lọ́wọ́ lójú ọmọ mi. Nítorí ṣẹ́ẹ̀tì." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Lẹ́yìn náà ló fa káádíbọ́ọ̀dù tuntun kan yọ lábẹ́ tábìlì, ó tẹ́ ẹ síwájú rẹ̀. "Tún un yà."

Níta, wọ́n ń ṣí géètì fún ọkọ̀ ìgbìmọ̀. Pirinsípà fẹ́ sọ̀rọ̀, Àǹtí Tún-un-wò mi orí sí i. Rúlà mú bíírò. Kò wá rúlà. Ó fa ìlà òdo sáàárín, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya eyín sábẹ́ rẹ̀, aago mẹ́fà, aago méje, àwọn eyín náà sì ga ju ara wọn lọ. Ó dé aago mẹ́jọ, ó dúró.

"Máa bọ̀," ni Ìyá wí.

Ó fa ìlà náà gòkè dé òdo, ó nà án gbalaja dé mọ́kànlá, ó gbé e sókè. Ó gbé bíírò sílẹ̀. Ìró bàtà àwọn ìgbìmọ̀ ti wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ìyá Láàbù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo igun káádíbọ́ọ̀dù náà lápá ìsàlẹ̀, ó sì tún gbé bíírò lé e lọ́wọ́.

"O ò tíì kọ orúkọ ẹ sí i."